Ọmọ fìdí lulẹ̀: bí a ṣe ń tọ́jú eegun ṣóńṣó ìdí tó fara pa

Táìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, àtẹ̀gùn tí òjò rọ̀ sí, bọ́ọ̀lù, kẹ̀kẹ́, ọmọ kíláàsì tó fa àga kúrò lẹ́yìn ẹnì kejì rẹ̀: ọ̀nà tí ọmọ lè gbà fìdí lulẹ̀ kò lóǹkà. Lọ́pọ̀ ìgbà, á sunkún, á nu ojú, á tún sá lọ. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ kejì tó ń fi abala ìdí kan ṣoṣo jókòó, tó ń pariwo bó bá fẹ́ dìde lórí àga, tàbí tó ń sá fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ fura sí eegun ṣóńṣó ìdí.

Ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni eegun yìí wà, lókè ihò ìdí díẹ̀. Kì í ṣe eegun kan. Eegun kéékèèké 3 sí 5 ni, ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ 4, wọn ò sì tíì lẹ̀ pọ̀ lára ọmọdé. Lára wọn ni iṣan tó gbé ìfun àti àpòòtọ̀ dúró ti so mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ líle fi ń ta ọmọ lójú ibẹ̀ gan-an.

Kò sí ẹni tó lè de eegun yìí ní P.O.P., kò sì sí oògùn tó ń so ó pọ̀. Ara ọmọ ni yóò wo ara rẹ̀ sàn. Bó bá jẹ́ pé ó kàn gbá lásán ni, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló máa ń gbà. Bó bá sán tàbí tó dá, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Iṣẹ́ òbí láàárín àkókò yìí ò ju méjì lọ: kí ohunkóhun má tẹ ojú ibẹ̀, kí ìgbẹ́ ọmọ sì máa rọ̀. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì làwọn òbí kì í rántí, òun ló sì máa ń fa ìrora ọ̀sẹ̀ méjì gùn di oṣù méjì.

Kẹ́ ẹ tó gbé e nílẹ̀

Bó bá jẹ́ láti orí igi máńgòrò, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ti já bọ́, ẹ má fà á dìde. Ẹ ní kó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, tàbí tí ẹsẹ̀ ò gbéra, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, kẹ́ ẹ pe 112. Bí kò bá sí ọkọ̀ aláìsàn tó lè wá, orí pátákó tó tẹ́jú ni kí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbé e sí, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà lójú ìlà kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e kọ́ èjìká.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti ṣubú, ẹ ní sùúrù kó fúnra rẹ̀ dìde, kẹ́ ẹ wá wo ojú ibẹ̀. Wíwú díẹ̀, àti ojú kan tó ń dùn ún tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kò ju bó ṣe yẹ kó rí lọ. Lára ọmọ tó dúdú, ẹ lè má rí pípọ́n rárá, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó bóyá ó gbóná ju ara tó kù lọ.

Ohun tó yẹ kó gbé yín dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an nìwọ̀nyí:

- ìtọ̀ kò jáde mọ́, tàbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára ọmọ tó ti mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lò;
- ìdí, abẹ́ tàbí itan rẹ̀ kú, kò mọ ọwọ́ lára, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ;
- ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ihò ìdí, tàbí awọ ibẹ̀ là;
- ara rẹ̀ gbóná, tí wíwú náà ń pọ̀ sí i dípò kó máa lọ sílẹ̀;
- ó forí gbá, ó sì ń bì tàbí oorun ń gbé e lọ;
- oògùn ìrora ò ràn án lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tàbí kò lè rìn.

Ọmọ tí ibẹ̀ ń dùn láìṣubú rárá náà gbọ́dọ̀ rí dókítà, torí ó lè jẹ́ eéwo tàbí àìsàn mìíràn. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì dìde rìn kì í sì fìdí lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àpá níbẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì wádìí lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀.

Bí ọmọ bá jẹ́ SS, ìtọ́sọ́nà rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má fi yìnyín kàn án, òtútù lè fa kíráísìsì. Ẹ má fún un ní ibuprofen láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀, nítorí kíndìnrín rẹ̀. Bí ìrora náà bá ràn dé eegun mìíràn, tàbí tí ibà bá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ilé.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: òtútù la fẹ́

Nílé wa, omi gbígbóná àti tówẹ̀lì ló kọ́kọ́ ń wá sí àgbà lọ́kàn. Ó ní ìgbà tiẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́. Ooru ń fa ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, wíwú á sì pọ̀ sí i.

Pure water tó ti dì nínú fìríìsà tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó yọ́ díẹ̀ kó lè tẹ̀ mọ́ ara, torí tó bá ṣì le bí òkúta, òun fúnra rẹ̀ á máa tẹ eegun. Ẹ fi ọ̀rá kejì bò ó kó má baà jò, kẹ́ ẹ wá fi tówẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e. Ọmọ á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí á wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ ó sì gbé yìnyín náà lé òkè àlàfo ìdí. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó má jù bẹ́ẹ̀. Tó bá di ìṣẹ́jú 5, ẹ ṣí i wò: bí awọ ibẹ̀ bá ti kú tàbí tó funfun, ẹ gbé e kúrò. Ẹ tún un ṣe ní wákàtí 2 tàbí 3 síra, nígbà tí ojú rẹ̀ bá là. Kí ọmọ má jókòó lórí yìnyín o. Ìwọ̀n ara rẹ̀ gan-an la ń sá fún.

Oògùn ìrora: ìwọ̀n ara la fi ń díwọ̀n, kì í ṣe ọjọ́ orí

Paracetamol ni àkọ́kọ́. Fún kìló kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n, 10 sí 15 mg lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 4 sí 6 síra, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ kìló 16, tá a bá fún un ní 15 mg lórí kìló kan, á gba 240 mg. Nínú ìgò tí wọ́n kọ 120 mg nínú 5 ml sí lára, 10 ml nìyẹn.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wáyé rèé: oògùn olómi ti ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ àti oògùn kíkán ti ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Oògùn kíkán kan wà tó ní 100 mg nínú 1 ml ṣoṣo. Ẹni tó bá bu 10 ml nínú irú ẹ̀ ti fún ọmọ ní 1,000 mg, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ lọ, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ba jẹ́. Ẹ ka ara ìgò lójoojúmọ́, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ra á. Síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí ṣíbí inú ilé kò dọ́gba. Ẹ tún wo oògùn ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn tó bá ń lò lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn ní paracetamol nínú tẹ́lẹ̀.

Ibuprofen náà dára, 5 sí 10 mg fún kìló kan, wákàtí 6 sí 8 síra, lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbà mẹ́ta péré lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, ọmọ tí ìlẹ̀gbóná (chickenpox) wà lára rẹ̀, àti ọmọ tí ikọ́ fée (asthma) ti gbé rí nígbà tó lò ó, kò gbọ́dọ̀ mu ún. Aspirin kì í ṣe oògùn ọmọdé rárá. Tramadol àti codeine ńkọ́? Ẹ má gbà á lọ́wọ́ oníkẹ́mísì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12: wọ́n lè dín èémí kù, wọ́n sì ń mú ìgbẹ́ le, èyí tó jẹ́ ọ̀tá eegun yìí gan-an.

Bí ọmọ bá ṣì nílò oògùn lójoojúmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó tó kí dókítà fojú kàn án.

Ìjókòó

Tìmùtìmù olóbìrìkìtì tó ní ihò láàárín ni wọ́n máa ń tà fún èèyàn. Kò fi bẹ́ẹ̀ dára tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn, torí etí ẹ̀yìn rẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ eegun náà gan-an. Èyí tá a gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù ló dára jù, owó táṣẹ́rẹ́ sì lẹ lè fi ṣe é lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta fóòmù.

Fún ọmọ ọdún 6 sí 10, ẹ ra fóòmù tó le, tó nípọn íńṣì 3, kó fẹ̀ ní íńṣì 14 níbùú àti lóòró. Ẹ wá àárín etí kan, ìyẹn ni yóò jẹ́ ẹ̀yìn. Ẹ gé àlàfo kúrò níbẹ̀: fífẹ̀ rẹ̀ íńṣì 3, kó wọlé lọ síwájú ní íńṣì 4. Ẹ fi àǹkárá bò ó. Kẹ́ ẹ wá dán an wò: kí ọmọ jókòó, kó fi ẹ̀yìn ti àga, kẹ́ ẹ ti ìka méjì bọ inú àlàfo náà láti ẹ̀yìn. Bí ìka yín bá há sáàárín ọmọ àti àga, fóòmù náà rọ̀ jù, ìwọ̀n ọmọ ti tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ẹ kò bá tíì rí fóòmù, ẹ ká tówẹ̀lì méjì bí ẹní, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ itan kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí àárín wọn ṣófo.

Kí ọmọ jókòó kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Fífẹ̀yìn rọ̀gbọ̀kú sínú àga onítìmùtìmù, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń wo tẹlifíṣọ̀n, ló burú jù nínú gbogbo ìjókòó: ojú eegun yẹn gan-an ni gbogbo ìwọ̀n á bọ́ sí. Kó máa wò ó ní ìdojúbolẹ̀. Bó bá ti jókòó fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kó dìde, kó rìn díẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ dìde, kó kọ́kọ́ sún sí etí àga, kó tẹ̀ síwájú, kó wá fi ẹsẹ̀ gbé ara rẹ̀.

Kíkúnlẹ̀ kò ní wàhálà, dídọ̀bálẹ̀ náà kò ní, tí kò bá ṣáà ní dédé jókòó lé gìgísẹ̀. Lóru, ẹ̀gbẹ́ ni kó fi sùn, kí ìrọ̀rí wà láàárín orúnkún méjèèjì.

Ọmọ kékeré tó ṣì ń gun ẹ̀yìn, ẹ má pọ̀n ọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ìró àti ọ̀já máa ń gba abẹ́ ìdí kọjá, gbogbo ìwọ̀n ọmọ á wá jókòó sínú wọn, á sì máa jan eegun náà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀. Ẹ gbé e síwájú, kí apá kan yín gba abẹ́ itan rẹ̀ méjèèjì, kí èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kadà lórí títì tó rí gbágungbàgun náà, ẹ jìnnà sí i. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, kó dùbúlẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lé itan yín.

Ìgbẹ́

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọmọ yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dùn ún. Lọ́jọ́ kejì, ó mú un mọ́ra. Ìgbẹ́ tó dúró sínú ìfun ń gbẹ ni, ó ń le ni, nítorí náà èyí tó ń bọ̀ á dùn ju ti àná lọ, ọmọ á sì tún mú un mọ́ra sí i. Tó bá pẹ́, omi ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rá gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó le jáde sínú pátá. Òbí á rò pé ọmọ ń ya ìgbẹ́ gbuuru ni, á fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró, ọ̀ràn á wá burú pátápátá. Bẹ́ ẹ bá rí irú èyí, dókítà ni kẹ́ ẹ fi hàn, torí òun náà ló máa yà á sọ́tọ̀ sí ti ọmọ tí iṣan rẹ̀ fara pa.

Ọjọ́ tó ṣubú gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká má dúró dìgbà tí inú bá kún. Omi ni àkọ́kọ́: ọmọ ọdún 4 sí 8 nílò nǹkan mímu tó tó lítà kan ó lé díẹ̀ lójúmọ́, ìyẹn bíi pure water 2 sí 2 àbọ̀, tó jẹ́ 50 cl kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ́pẹ pípọ́n láàárọ̀. Ọsàn, kó jẹ ẹran ara rẹ̀, kó má kàn fà á mu. Ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín, ewédú, ilá, ẹ̀fọ́. Ẹ dín búrẹ́dì funfun, nudù àti bisikíìtì kù. Mílíìkì tó bá ju ìdajì lítà lọ lójúmọ́ náà ń mú ìgbẹ́ le, ògì lásán kò sì ní ṣàǹfààní púpọ̀, torí a ti sẹ́ èèrí rẹ̀ dànù.

Nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbé àpótí kékeré tó ga ní íńṣì 6 sí 8 sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, kó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé itan. Ẹni tó ń lo ṣáláńgá ti wà ní ìdúró tó dára tẹ́lẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ ni ìfun máa ń fẹ́ ṣiṣẹ́, ìgbà náà ni kó lọ, kó má lò ju ìṣẹ́jú 5 sí 10. Kó má rún ara, kó má fi tipá yàgbẹ́: ẹ ní kó máa fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ iná, torí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn kò lè rún ara lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ṣe tán, omi ni kẹ́ ẹ fi ṣan ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ lè fún un ní oògùn ìrora ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, tó bá ti tó àkókò rẹ̀.

Bó bá pé ọjọ́ mẹ́ta láìyàgbẹ́, ẹ béèrè oògùn tó ń rọ ìgbẹ́, bíi lactulose, lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má fi rọ́bà bu omi sí ìdí rẹ̀, ẹ má sì ki ọṣẹ bọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ kẹrin: ooru

Ní báyìí, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ti wúlò. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, kó má jó yín. Kó tó ìbàdí ọmọ, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, pàápàá lẹ́yìn tó bá yàgbẹ́. Àwọn kan á gbé ọmọ jókòó gbọn-in sínú bàsíà líle, wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀! Ẹ tẹ́ tówẹ̀lì sísàlẹ̀, tàbí kó lóṣòó sínú omi náà. Dettol àti Izal kò níṣẹ́ níbẹ̀. Rọ́ọ̀bù àti bálímù tó ń ta, ẹ gbé wọn jìnnà sí ihò ìdí ọmọ.

Títo eegun ńkọ́? Eegun apá àti ẹsẹ̀ ṣeé fi igi dè. Èyí kò ní ibi tí igi máa dúró sí, nítorí náà fífà, nínà àti rírún lásán ló kù, èyí tó lè sọ sísán di dídá. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun á ki ìka bọ ihò ìdí ọmọ láti gbé eegun sókè, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà lè ní ìdí tó fi fẹ́ yẹ inú ibẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé, kí ọ̀kan nínú yín sì wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí dókítà ò bá ní kẹ́ ẹ ya X-ray. Eegun ọmọdé tí kò tíì lẹ̀ pọ̀ lè dà bí èyí tó dá nínú fọ́tò, bó bá sì dá lóòótọ́, ìtọ́jú kan náà ni. Ibi tí ẹ̀yà ara ìbímọ ọmọ wà ni ìtànṣán náà á sì gbà kọjá.

Ilé ìwé

Ọmọ lè padà sí kíláàsì bó bá ti lè jókòó lórí tìmùtìmù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú: kó jẹ́ kó dìde dúró lẹ́yìn kíláàsì nígbà tó bá fẹ́, kó jẹ́ kó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìtọrọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí eré ìdárayá, kò sí fífò bí ọ̀pọ̀lọ́, kò sí pàṣán nídìí. Ẹ sọ ti pàṣán yìí ketekete, ẹ má rò pé wọ́n á mọ̀. Ẹ má di oògùn sínú báàgì ọmọ.

Ìnàra àti ìpadàsí eré

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, bí ìrora bá ti rọlẹ̀, kó dùbúlẹ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀, kó fa orúnkún kan wá sí àyà jẹ́jẹ́, kó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kó fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Òmíràn ni kó kúnlẹ̀ forí kanlẹ̀ bí ẹni ń kírun, kí ìrọ̀rí wà láàárín ìdí àti gìgísẹ̀, kó mí kanlẹ̀ dé ikùn nígbà márùn-ún. Bí èyíkéyìí bá dùn ún, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta.

Rírìn kò ní èèwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sísáré jẹ́jẹ́ máa tẹ̀ lé e nígbà tó bá ti lè jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìlo tìmùtìmù. Bọ́ọ̀lù àti fífò, ó di ìgbà tó bá sáré láìní ìrora rárá. Gígun kẹ̀kẹ́ ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn, torí ìjókòó kẹ̀kẹ́ tín-ín-rín, kòtò ojú ọ̀nà sì ń jan án. Tó bá jẹ́ pé ó sán tàbí ó dá, ẹ má ronú kẹ̀kẹ́ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 8.

Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá tí ọmọ ṣì ń fi abala ìdí kan jókòó, ó di ọ̀dọ̀ dókítà eegun. Ní Èkó, ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì wà, UCH sì wà ní Ìbàdàn. Ẹ kọ ọjọ́ tó ṣubú, oògùn tó ti lò àti iye ìgbà tó ń yàgbẹ́ lọ́sẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ mú un dání lọ.